Ìbọn Kọ́ Ló Pa Lọ́yà Fàòsíyà

Bẹ́ẹ̀ ni, èmi náà ni. Èmi Gbọ́láhàn ọlọ́kadà, tí n ò kọjá kíláàsì kejì ní girama. Ọlọ́pàá ní kí n ṣí fóònù mi lọ́nà Masifa, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni mo ṣe? Òfin wo ló ní kí n ṣí i?" Ó fojú burúkú wò mí, ó ní kí n máa lọ. Ta ló tún láyà bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Ẹ̀jìgbò?

Lọ́yà Fàòsíyà tí a sin ní Jímọ̀ tó kọjá ló kọ́ mi.

Abidjan ni wọ́n bí i sí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Sunday, á kó àwa ọmọ ìta jọ sábẹ́ igi máńgòrò ní Ẹ̀jìgbò níbí, á de fìlà bàbá ẹ̀, á jágbe mọ́ wa bíi ti àwọn ọlọ́pàá ojú bọ́dà: "Papiers! Ìwé dà?" Kí n tó mọ̀, ọwọ́ mi ti wà lápò. Á bú sẹ́rìn-ín.

"Ọmọ Ẹ̀jìgbò! Ọ̀nà Abidjan ti bà yín jẹ́. Wọ́n ní ìwé, ẹ ti ń wá ìwé. Ẹ máa bèèrè ìdí!"

Mo ní, "Àǹtí, tí wọ́n bá wá gbá mi létí ńkọ́?"

"Fọ̀wọ̀ bèèrè, ẹlẹ́nu gbọọrọ. Má bú wọn, má sá."

Ẹni tó bá dáhùn dáadáa ló ń kọ́kọ́ bu atiéké, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ àwọn ará Abidjan, tí màmá ẹ̀ sè.

Adigunjalè ló yìnbọn fún un lọ́nà ìlú Ara. Ọ̀kadà mi la fi gbé e dé ọsibítù, Ameenat àbúrò ẹ̀ dì í mú lẹ́yìn mi. Fàòsíyà ṣì ń sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì ò tiẹ̀ dìde.

"Ìwé ọlọ́pàá dà?"

Ameenat ní, "Mà, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn!"

"Ẹ lọ gbà á wá ná. Bí ọ̀gá ṣe ní ká máa ṣe nìyẹn."

Ṣé ìwé ni wọ́n fẹ́ fi dí ojú ọgbẹ́ ni? Láti 2017 ni òfin ti ní kí wọ́n tọ́jú ẹni tí ìbọn bà, ìwé ọlọ́pàá ì báà má sí. Ẹ̀yin ọ̀gá ọsibítù, ẹ ò gbọ́ ni, àbí ẹ gbọ́, ẹ wá ṣe òfin tiyín? Àwọn ọ̀gá yìí mà wá síbi ìsìnkú o, nínú agbádá. Wọ́n ní èèyàn dáadáa ló lọ. Ta ló jẹ́ kó lọ?

Ẹ dárúkọ ẹni tó pàṣẹ yẹn. Kó wá ṣàlàyé níwájú adájọ́, kí màmá Fàòsíyà jókòó síwájú, kó máa wo ojú ẹ̀.

Èmi náà rèé, ẹlẹ́nu gbọọrọ. N ò bá nọ́ọ̀sì yẹn jiyàn rárá. Ṣebí nọ́ọ̀sì ni, kì í ṣe ọlọ́pàá tí à ń bi ní ìdí. Mo ní, "Yẹs mà," mo yí ọ̀kadà padà. Ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ní ẹni tó ń fọwọ́ sí i ti lọ kírun, mo jókòó dè é. Ìgbà tí mo gba ìwé náà dé pẹ̀lú òǹtẹ̀ ẹ̀, Ameenat ti ń fi ìborùn ẹ̀ bo ojú ẹ̀gbọ́n ẹ̀.