Abọ́ Kókó Tó Ń Lọ Lófìfo

Ẹsẹ̀ mi kì í gbà fún mi kí n jókòó láàárọ̀. Lọ́dún tó kọjá, àrùn ẹ̀gbà fọwọ́ kàn mí. Ẹnu mi wọ́, ọwọ́ òsì mi kò gbọ́ràn mọ́. Ọlọ́run bá mi ṣe é, ó lọ, ṣùgbọ́n dókítà ní bí n kò bá fẹ́ kó padà, kí n máa rìn ní gbogbo òwúrọ̀ títí òógùn á fi bò mí. Ọjọ́ tí n kò bá rìn, ẹ̀rù kì í jẹ́ kí n gbádùn. Màá dìde, màá jókòó, màá tún máa fún ọwọ́ òsì mi wò bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. N kò sọ fún àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní Kùmásí. Bó bá gbọ́, kò ní jẹ́ kí n wọkọ̀ wá.

Mo bá dé ilé rẹ̀ ní àdúgbò Santasi. Ta ní ń jẹ́ kí àlejò rìn? Ilé kejì ni àwọn ará ìjọ wọn ti dá mi dúró: "Ìyá, ṣé kò sí? Níbo lẹ ń lọ?" Mo ní n kò lọ síbì kankan. Ìyẹn gan-an ló wá burú. Kí n tó padà, ìròyìn ti délé ṣáájú mi pé ẹ̀gbọ́n tó ti Nàìjíríà dé ń bínú, ó ń dá sọ̀rọ̀ lójú títì. Irọ́ ni wọ́n ń pa. Orin ni mò ń kọ sẹ́nu.

Ìyàwó àbúrò mi kò bi mí ní nǹkan kan. Kùmásí ni wọ́n bí i sí, Twi àti Yorùbá ló jọ ń jáde lẹ́nu ẹ̀. Ó gbé abọ́ rọ́bà kan lé mi lọ́wọ́. "Ẹ mú èyí dání, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n á rò pé kókó, ẹ̀kọ mímu, lẹ ń lọ rà. Daabi, rárá o, kò sẹ́ni tó máa bi yín."

Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó bi mí. Mò ń ju apá, mò ń kọjá níwájú àwọn káfíńtà, mo dé ibi tí àwọn èrò ọjà Kejetia ti ń wọkọ̀, mo ṣẹ́rí padà. N kò ra kókó rí.

Àṣé wàhálà ni mo gbé dání. Ní ọjọ́ Sátidé, àwọn ìyá ìjọ méjì wá bá ìyàwó wa nílé. Mo wà ní yàrá, mo ń gbọ́ wọn. "Ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ, tó jẹ́ ìyá ọkọ fún ẹ, lò ń rán lọ ra kókó láràárọ̀? Ìwọ wá ń sùn? Ṣé wọn ò kọ́ ẹ nílé ni?" Ọmọbìnrin náà kò wí àwíjàre. Ẹ má bínú, ẹ má bínú, ló ń sọ ṣáá.

Inú bí mi, ojú sì tì mí. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á sọ mí di aláìsàn, wọ́n á ní kí n lọ jókòó. Bí n kò bá sọ̀rọ̀, ìyàwó wa ló di aláìlẹ́kọ̀ọ́. Mo rìn yí yàrá kékeré yẹn ká títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Lọ́jọ́ kejì ní ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tó kan ìjẹ́rìí, mo dìde. Mo ní ìyàwó wa kò rán mi níṣẹ́ rí, òfìfo ni abọ́ náà ń lọ, òfìfo ló ń bọ̀. Mo sọ ti ẹ̀gbà. Mo sọ pé tí n kò bá rìn, ẹ̀rù ikú ló ń bà mí. Àwọn ìyá méjì náà dorí kodò. Àbúrò mi kò wo ojú mi.

Nínú takisí, ìta ló ń wò títí a fi délé; ó jẹun tán, ó wọ yàrá lọ. Mo ti ń ká aṣọ mi sínú báàgì, mo gbà pé ilé ni yóò ní kí n máa lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bá a lẹ́nu géètì. Ó ti wọ bàtà kánfáàsì, abọ́ rọ́bà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Apá wo ni ẹ̀gbà náà mú?"

Mo ní òsì ni.

Ó kọjá sí òsì mi, a sì jáde.