Irú Tí Mo Bà Jẹ́ ní Bẹyẹrunka

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló tọ́ mi dàgbà ní Bẹyẹrunka. Màmá ni mo ń pè é. Irú ló ń ṣe, Ọjà'ba ló ti ń tà á, òun náà ló sì rán mi lọ síléèwé tí wọ́n ti ń kọ́ni bí a ṣe ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ aláìsàn wò.

Lọ́sẹ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wa nípa kòkòrò àìfojúrí, ẹ̀rù bà mí. Olùkọ́ wa ní wọ́n wà lọ́wọ́ wa, wọ́n wà lẹ́nu wa, kò síbi tí wọn ò sí. Mi ò gbọ́ ìyókù mọ́.

Ní Sátidé, Màmá fẹ́ lọ kí aláìsàn kan ní Kúdẹtì. Ó ti se irúgbá, ó ti sẹ́ ẹ. Ó ní, "Tó bá ti ro tán, dà á sínú igbá, kí o fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, kí o wá fi àpò dé e."

Mo wo igbá náà, ó dúdú kirikiri. Mo ní inú rẹ̀ ni kòkòrò wà. Bí Màmá ṣe jáde, mo da oògùn apakòkòrò tí a fi ń fọ ilẹ̀ sí igbá, mo họ ọ́ títí ó fi funfun. Mo wá da irúgbá sínú rẹ̀, mo da ewé nù, ọ̀rá ni mo fi bò ó.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta tí Màmá ṣí i, irú kò yọ̀, kò fà, ó ń rùn bí aṣọ tútù tí wọn ò sá.

"Kí lo ṣe sí i?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Kòkòrò inú igbá yín ni mo fẹ́ pa."

Kò pariwo. Ó jókòó sórí àpótí. Ó ní, "Láti ayé ìyá mi la ti ń da irú sínú igbá yìí, kò sì pa ẹnikẹ́ni. Lọ bi olùkọ́ rẹ wò: ṣé gbogbo kòkòrò ló burú ni?"

Ó pọ́n irú rere díẹ̀ sínú ewé fún mi. Mo rò pé olùkọ́ mi, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, á lé mi jáde ni. Dípò ìyẹn, ó po irú náà mọ́ omi, ó fi díẹ̀ pa ojú gíláàsì, ó kùn ún láró kí ohun tó wà níbẹ̀ lè hàn, ó ní kí n wò ó nínú maikirosíkóòpù. Mo rí wọn: tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìṣáná, wọ́n pọ̀ lọ súà.

"Bakitéríà nìyẹn," ló wí. "Àwọn ìbátan wọn kan ń fa àìsàn. Ní ti àwọn wọ̀nyí, àwọn ló ń sọ irúgbá di irú."

Ó wá tún gbogbo rẹ̀ kọ́ mi. Ohun tó ń mú kí búrẹ́dì bu àti ohun tó ń fa làpálàpá, ìdílé kan náà ni wọ́n. Èyí tí ẹ̀fọn fi ń kó ibà ràn wá, ìdílé tirẹ̀ lọ́tọ̀. Fáírọ́ọ̀sì, irú èyí tó ń fa ọ̀fìnkìn, kò lè bí sí i àfi tó bá ráyè wọ inú ẹ̀dá mìíràn. Kì í ṣe bakitéríà rárá; ìdí nìyẹn tí oògùn tó ń pa bakitéríà kò fi lè wo ọ̀fìnkìn.

Nígbà tí mo ròyìn fún Màmá, ó ní òun fẹ́ fojú ara òun rí wọn. Olùkọ́ mi gbà. A wọ mọ́tò ní Bẹẹrẹ lọ síléèwé, aṣọ iléyá ni Màmá wọ̀. Ó di ojú kan, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ maikirosíkóòpù náà.

"Wọ́n mà pọ̀ o!" Kò gbé ojú kúrò, ó kí wọn: "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Olùkọ́ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ ṣeun tí ẹ rán an sí wa."

Iṣẹ́ àyẹ̀wò yìí ni mo ń ṣe jẹun títí dòní. Ká ní Màmá bú mi lọ́jọ́ irú yẹn, mi ò rò pé ǹ bá padà síléèwé. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, mo lọ kí i, mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ìbéèrè tó fi rán mi sí olùkọ́ mi lọ́jọ́ náà.

Ó fọwọ́ pa mí lórí. Ó ní, "Ìbéèrè wo? Èmi ò tiẹ̀ rántí."