Baálé Dísìkì àti Yàrá Aláròyé

Ọjọ́ tí olóògbé Baálé Dísìkì, bàbá tó máa ń to kọ̀ǹpútà fún wa ládùúgbò, gbá kọ̀ǹpútà mọ́ àyà bí ọmọ tuntun nínú ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé, tó ní kí wọ́n kọ́kọ́ pa òun kí wọ́n tó nu ohun tó wà nínú rẹ̀ nù, ohùn rẹ̀ dé ilé kẹrin. Àwọn kan ní ilé kẹta ni. Irọ́ ni wọ́n ń pa.

Oṣù mẹ́ta ṣáájú ni ọ̀gá ilé-ìwé, obìnrin tí kì í fẹ́ ìdádúró, ti pè é kó wá gbé Linux, ètò tó ń darí ẹ̀rọ, sórí kọ̀ǹpútà wọn.

"Bàbá, ẹ da gbogbo ẹ̀ pọ̀ sójú kan, ká tètè rí i lò."

Baálé bọ́ awò ojú rẹ̀. "Kí n dà á pọ̀ kẹ̀? Ìyáàfin, ṣé ilé ìdáná lẹ ń sùn nílé yín ni? Ṣé ẹ̀gbẹ́ ìkòkò gbígbóná lẹ ń tẹ́ ẹní sí?"

"Rárá o."

"Ẹ ṣeun. Kọ̀ǹpútà náà ò ní sùn níbẹ̀."

Ó yọ bébà àti rúlà, ó pín dísìkì, ibi tí ẹ̀rọ ń kó nǹkan pamọ́ sí, bí ẹni ń ya àwòrán ilé. Yàrá kan fún ètò tó ń darí ẹ̀rọ. Yàrá ńlá fún /home, níbi tí iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn ń gbé. Nígbà tó kan /var, níbi tí ẹ̀rọ ti ń kọ gbogbo ohun tó bá ṣe sílẹ̀, ó yínmú.

"Aláròyé! 'Mo jí, mo tẹ̀wé, ìwé há.' Ta ló bi í?" Ó fún un ní kọ̀rọ̀ kan tí aáyán gan-an ò lè na ẹsẹ̀ níbẹ̀.

Aláròyé wí, wí, wí, kọ̀rọ̀ kún dẹ́nu, kọ̀ǹpútà sì dákú. Ọ̀la ni máàkì àwọn ọmọ mẹ́rìnlélọ́gọ́rin tó ń jáde ilé-ìwé gbọ́dọ̀ lọ, inú ẹ̀rọ náà nìkan ló sì wà. Wọ́n sáré pe Kíákíá, atúnkọ̀ǹpútà-ṣe tó wà lódìkejì títì.

"Ká nu gbogbo ẹ̀ nù, ká bẹ̀rẹ̀ látorí."

"Máàkì àwọn ọmọ mi ńkọ́?"

"Wọ́n á tún ìdánwò ṣe."

Ìgbà yẹn ni Baálé já wọlé, tó gbá ẹ̀rọ mọ́ra. "Tún kí ni ṣe? Òrùlé ń jò, o fẹ́ jó onílé mọ́lé! Torí irú ẹ gan-an ni mo ṣe fi ògiri sí i!"

Kíákíá tẹjú mọ́ ọ̀rọ̀ tó hàn lójú ẹ̀rọ. "Bàbá, yàrá tẹ́ ẹ fún /var ló kéré. Ẹ̀yin lẹ fà á."

"Èmi kọ́," Baálé ní. "Ẹ̀rọ ló lẹ́nu jù."

Ó jókòó. Ó wó yàrá ètò àti kọ̀rọ̀ aláròyé, ó tún méjèèjì kọ́. Kò fọwọ́ kan /home, níbi tí máàkì wà. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́rin, máàkì gbogbo ọmọ ti yọjú láìku ẹyọ kan. Ọ̀gá ilé-ìwé bú sẹ́kún.

"Ẹkún kí ni? Ẹ̀yin lẹ ní kí n dà á pọ̀!"

Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo èèyàn ti jáde, tí ọ̀gá padà wá mú báàgì rẹ̀, ó bá Baálé tó ń fọwọ́ pa kọ̀ǹpútà lórí. "Má bínú," ló ń sọ fún un. "Mo ti fẹ yàrá ẹ. Máa wí."

Ọdún kẹta rèé tí Baálé ti lọ. Ẹ̀rọ náà ṣì ń wí tirẹ̀, àyè sì gbà á. Àwa tó máa ń bú ni ò rẹ́ni bú wa mọ́.