Obì Ọ̀gá Mi Nílùú Òyìnbó

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì n'Íbàdàn, mo kọ lẹ́tà mẹ́sàn-án sílùú òyìnbó láti wá ibi tí mo ti lè kọ́ṣẹ́ fóṣù mẹ́ta. Ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ló fèsì. Wọ́n á máa sanwó fún mi, ṣùgbọ́n èmi ni màá wá owó ọkọ̀ òkun.

Bàbá mi, tó ń ta obì ní Ṣàgámù, ní kí n tún lẹ́tà náà kà. "Ọ̀gá wo ló ń sanwó fún ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́?" Lọ́dọ̀ tiwa, òbí ọmọ ló ń san án. Síbẹ̀, wọ́n ta gbànja tí wọ́n ti ń tọ́jú de ọ̀wọ́n láìtọ́jọ́, wọ́n sanwó ọkọ̀ mi. Wọ́n wá di ogójì obì sínú ewé. "Gbé e fún ọ̀gá rẹ. A kì í fa ọmọ lé ọ̀gá lọ́wọ́ ká má mú nǹkan dání."

Mi ò gbé e fún ẹnikẹ́ni. Ta ló fẹ́ kí òyìnbó fi òun ṣe yẹ̀yẹ́? Inú yàrá mi ni mo jẹ ẹ́ tán sí.

Ìgbà tí mo padà délé, Bàbá mi ní, "Kí ni ọ̀gá rẹ sọ?"

"Wọ́n ní ó korò, Bàbá."

Inú wọn dùn. "Ó jẹ ẹ́ nìyẹn!"

Títí wọ́n fi kú ni wọ́n ń bi mí bóyá àlàáfíà ni ọ̀gá mi wà.