Ọjọ́ Tí Màmá Mi Dìde fún Àgbàlagbà

Ọjọ́ tí wọ́n yọ eyín tí kò ṣe màmá mi ní nǹkan kan ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé.

Télọ̀ ni màmá mi ní Woliwo, àdúgbò kan ní Onitsha. Eyín ń dùn ún, mo sì tẹ̀lé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ní àwọn ti rí ọ̀nà tí iṣẹ́ fi máa yá: nọ́ọ̀sì á fún gbogbo aláìsàn ní abẹ́rẹ́ lórí bẹ́ǹṣì, á sọ eyín kálukú fún dókítà bí wọ́n ṣe jókòó tẹ̀ léra. Dókítà ò ní béèrè nǹkan kan mọ́.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì fún gbogbo wọn ní abẹ́rẹ́ tán, ìyá àgbà kan tó tẹ̀ lé màmá mi lórí bẹ́ǹṣì ń gbọ̀n. Màmá mi kúnlẹ̀ fún un, wọ́n sì pààrọ̀ ìjókòó kí ìyá náà lè kọ́kọ́ wọlé.

Ìyá àgbà wọlé, ó jáde pẹ̀lú ẹkún. A rò pé ìrora lásán ni. Ó kan màmá mi. Eyín tí nọ́ọ̀sì sọ pé ó ń dun ìyá àgbà ni dókítà dì mú lẹ́nu màmá mi, eyín tó dá ṣáṣá, tí abẹ́rẹ́ kò kàn. Ahọ́n màmá mi ti kú, kò lè sọ̀rọ̀. Ó lọgun, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo gbọ́ bí eyín náà ṣe yọ.

"Who tell you make you stand up?" ni dókítà wí nígbà tó gbọ́ pé wọ́n pààrọ̀ ìjókòó. "Next!"

Títí di òní, bí àgbàlagbà bá wọ ọkọ̀ tí kò sí àyè, màmá mi á ti di apá mi mú: "Jókòó síbẹ̀."