Ààwẹ̀ Ọjọ́ Mẹ́ta Tí Mo Kọ fún Dúpẹ́

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, nínú ooru oṣù kẹta, Dúpẹ́ dìde lórí bẹ́ǹṣì kó wá wọn bíípí lọ́dọ̀ mi. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì, ó sì ṣubú gbì síwájú tábìlì mi. Mo figbe ta, "Jésù!" Alhaja Síkírà, ọ̀gá nọ́ọ̀sì wa ní kíníìkì náà ní Gonin Gora, kò figbe ta ní tiẹ̀. Ó ti kúnlẹ̀, ó ti di ẹsẹ̀ Dúpẹ́ méjèèjì mú, ó gbé wọn sókè kí ẹ̀jẹ̀ lè ṣàn padà sórí.

Ó ní, "Ìyá Ṣọlá, Jésù ti gbọ́. Wá di orí ẹ̀ mú."

Ètè Dúpẹ́ ti là. Mo fún awọ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ pọ̀, mo jù ú sílẹ̀, kò tètè padà sáyè rẹ̀. Bí awọ ara bá ṣe báyẹn, omi ti tán lára ẹni náà nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gún un kí n tó rí iṣan tí màá fi dírípù sí. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó mi orí, ó ní ká ní ó di ọ̀la ni, ọ̀rọ̀ kíndìnrín là bá máa sọ. Ọkọ rẹ̀, tó fipá mú un wá, dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bi mí pé kí ló ṣe é. Mo mọ ohun tó ṣe é, nítorí ọwọ́ mi ló ti wá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nígbà náà, nọ́ọ̀sì ni mí láàárín ọ̀sẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe é ní Kaduna níbi kí n tó fẹ̀yìn tì. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, akọ̀wé ẹgbẹ́ aládùúrà obìnrin ni mí. Látìgbà tí ọ̀nà Àbújá ti di ọ̀nà ẹ̀rù, a bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ àyíká: obìnrin kọ̀ọ̀kan á gba ọjọ́ tirẹ̀, kí ọjọ́ kankan má bàa lọ láìsí ẹni tó ń gbààwẹ̀ fún àwọn tó wà lójú ọ̀nà. Ààwẹ̀ gbígbẹ ni, kò sóńjẹ, kò sómi. Ẹni tí wàhálà tirẹ̀ bá pọ̀ lè gba ọjọ́ mẹ́ta lera, tọ̀sán tòru. Ìwé orúkọ wà lọ́wọ́ mi. Èmi tí mò ń sọ fún aláìsàn lọ́jọ́ Ajé pé kó máa mumi dáadáa, èmi náà ni mò ń jókòó lọ́jọ́ Ìsinmi, tí mò ń fi bírò kọ orúkọ àwọn tí kò gbọdọ̀ fomi kan ẹnu. Kò sì sẹ́ni tó bi mí pé, ìwọ obìnrin yìí, ṣé orí rẹ pé? Èmi náà ò bi ara mi.

Tíṣà ni Dúpẹ́, ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tó wà lẹ́yìn ibi tí àwọn sójà ti ń yẹ mọ́tò wò. Nígbà òjò tó kọjá, bó ṣe wà nínú bọ́ọ̀sì lójú ọ̀nà náà, àwọn agbébọn dá bọ́ọ̀sì tó wà níwájú tiwọn dúró. Àwọn èrò ọkọ̀ tiwọn fò jáde, wọ́n sá wọgbó, Dúpẹ́ sì dojú bolẹ̀ nínú oko àgbàdo kan láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Ó délé láìfarapa. A ṣe ìdúpẹ́ fún un, a jó, ó parí lójú tiwa. Ṣùgbọ́n látọjọ́ náà, bó bá ti kù díẹ̀ kó wọ mọ́tò, àyà rẹ̀ á máa já, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, èémí á há sí i lọ́fun, á ní òun ń kú lọ.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló wá bá mi ní kíníìkì láàárín oṣù méjì. A yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kò sí ibà. A wo ṣúgà, a wo ọkàn, kò sí nǹkan kan. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, èrò kún bẹ́ǹṣì fọ́fọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ti sú mi.

Ó ní, "Màmá, àyà mi tún ń já."

Mo ní, "Dúpẹ́, o ò láìsàn kankan. Ẹ̀rù lásán ni. Ọmọ Ọlọ́run kì í bẹ̀rù. Lọ gbàdúrà sí i."

Ẹ wo ẹnu mi! Ẹni tí ẹrù ti wọ̀ lọ́rùn, mo tún gbé ẹ̀ṣẹ̀ lé e lórí. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e ló wá bá mi lẹ́yìn ìsìn, ojú rẹ̀ ti wọnú, ó ní, "Ẹ kọ mí sí ọjọ́ mẹ́ta, mà. Pásítọ̀ ní ẹ̀mí ìbẹ̀rù ni, pé ààwẹ̀ gbígbẹ ló máa lé e lọ." Mo kọ ọ́. Mo tún kí i pé ó káre.

Ìgbà tí dírípù kejì ń lọ lọ́jọ́ Ẹtì yẹn ló lajú. Ó wò mí. Ẹ mọ ohun tó kọ́kọ́ tẹnu rẹ̀ jáde?

"Màmá, ẹ má bínú. Mi ò lè parí ẹ̀. Ó ku díẹ̀."

Alhaja Síkírà ní, "Parí kí ni?"

Mo fẹ́ parọ́, irọ́ ò wá. Mo ṣàlàyé ààwẹ̀ náà fún un. Musulumi ni Alhaja, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Kaduna, òun ló sì kọ́ mi níṣẹ́ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kíníìkì náà. Ó fetí sílẹ̀ títí mo fi sọ̀rọ̀ tán.

"Ta ló kọ orúkọ ẹ̀?"

"Èmi ni, Alhaja."

"Haba! Ìyá Ṣọlá! Ìwọ?" Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Oṣù kan gbáko là ń gbààwẹ̀ ní tiwa, o sì mọ̀. Aláìsàn ò sí níbẹ̀. Ọlọ́run fúnra ẹ̀ ló ní kó jẹun, bí ara ẹ̀ bá yá, kó san án padà. Ẹ̀yin wá le ju Ọlọ́run lọ ni?"

Inú bí mi sí i. Òótọ́ ọ̀rọ̀ korò, pàápàá tó bá tẹnu ẹni tí kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì rẹ jáde. Nígbà tí mo dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́, mo ti ilẹ̀kùn, mo sunkún, inú sì wá ń bí mi sí ẹni tó yẹ kó bí mi sí.

Dókítà sọ fún wa pé ìpayà ni orúkọ ohun tó ń ṣe Dúpẹ́, pé àìsàn gidi ni, ó ní ara rẹ̀ ti sáré lọ́jọ́ kan, kò tíì mọ̀ pé eré ti parí. Ó fi í ránṣẹ́ sí dókítà tó ń tọ́jú ìrònú àti ìdààmú ọkàn láàárín ìlú. Èmi gba ìtọ́jú ti ilé. Ní àràárọ̀, kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo ń yà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ kìíní ni mo rí obì nínú abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì rẹ̀.

"Kí ni goro ń ṣe níbí?"

"Òun ni kì í jẹ́ kí n sùn, mà, kí n lè gbàdúrà. Mo tún máa ń ra ṣáyì lọ́wọ́ aboki ìta yẹn."

"Ife mélòó?"

"Mẹ́ta. Mẹ́rin nígbà míì."

Mo ní, "Dúpẹ́, ẹni tó jẹ obì, tó mu ife tíì mẹ́rin, tí kò sùn, tí kò jẹun, ṣé àyà ẹ̀ ò ní já? Tèmi gan-an á já!" Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. Mo kó obì náà sínú báàgì mi.

A bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kókò àti kósé, ìyẹn ògì gbígbóná àti àkàrà, kó máa jẹun kí oòrùn tó mú. A ń rìn yípo àdúgbò. Mo kọ́ ọ bí a ṣe ń mí: kó fa èémí wọlé nímú títí ikùn á fi wú, kó tú u jáde lẹ́nu díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń fẹ́ kókò gbígbóná. Òun fúnra rẹ̀ ló fi àdúrà sí i. Ó yan ẹsẹ Sáàmù kan tí ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ láti kékeré, á sọ ìdajì rẹ̀ nínú ọkàn bó bá ń fa èémí, á sọ ìdajì tó kù bó bá ń tú u sílẹ̀. Mo rán an létí wòlíì tó sá lọ sábẹ́ igi nínú aginjù, tó ní kí òun kú. Áńgẹ́lì tó wá bá a kò bá a wí rárá. Oúnjẹ àti omi ló gbé fún un, ó jẹ́ kó sùn, ó tún jí i kó jẹun. Ọdún mélòó ni mo ti ń ka ìtàn yẹn, tí mi ò rí abọ́ oúnjẹ tó wà nínú ẹ̀!

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni Pásítọ̀ wa lọ kí i. Mi ò ní pè é léèyàn burúkú. Ó ti sin òkú àwọn ọmọ ìjọ tí wọ́n pa lójú ọ̀nà yẹn, ẹ̀rù ń ba òun náà, kò kàn ní ibi tí yóò ti sọ ọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó wí fún Dúpẹ́ pé ọ̀tá ló já ààwẹ̀ náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀, pé àfi kó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, ní ìpàdé Ọjọ́rú tó ń bọ̀. Bí mo ṣe dé ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò fọwọ́ kan kókò rẹ̀.

Ó ní, "Màmá, bí mi ò bá ṣe é, ṣé Ọlọ́run á ṣì gbọ́ mi?"

Orí mi gbóná. Ara tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba omi, wọ́n tún fẹ́ fún un gbẹ! Bó bá tún ṣubú, ta ló mọ̀ bóyá ó máa dìde? Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó kàn fi àwo bo kókò náà.

Nígbà tó di Ọjọ́rú, ṣọ́ọ̀ṣì kún. Gbogbo wa la wà nínú ààwẹ̀ ọjọ́ kan fún ọ̀nà náà. Pásítọ̀ pe Dúpẹ́ síwájú. Kó tó dé ibẹ̀, mo ti dìde.

"Sà, kò ní bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan."

"Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó. Èmi ni mo kọ orúkọ ẹ̀ síwèé yìí, èmi náà ni mo gún un ní dírípù. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ, mo ń pè é ní ìgbàgbọ́. Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ wà níbí, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín. Mi ò ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́!" Mo na ìwé orúkọ náà sókè.

Pásítọ̀ nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú áńkáṣíìfù. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó dáhùn fúnra ẹ̀. Sístà Dúpẹ́, ṣé ẹ̀rù ṣì ń bà yín, àbí kò bà yín mọ́?"

Mo mọ̀ pé pàkúté ni. Bó bá ní ẹ̀rù ń ba òun, ààwẹ̀ ni. Bó bá ní kò ba òun, irọ́ ló pa níwájú pẹpẹ. Dúpẹ́ dúró níbẹ̀, mo rí i tí ikùn rẹ̀ wú, tó sì rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó tún mí lẹ́ẹ̀kejì.

Ó ní, "Ó ń bà mí, sà. Mo sì jẹun kí n tó wá."

Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó mú ìgò omi kan jáde, ó sì mu ún níwájú gbogbo wa.