Ẹran Tó Mú Nínú Àwo Mi

Ọ̀rẹ́ mi ló ní ká lọ jẹun. Ó ní ọjọ́ ìbí òun ni, èmi àti òun nìkan, kí n wọ aṣọ tó dáa. Òun ló gbà mí sílé lọ́jọ́ tí ọkọ mi lù mí tí mo sá jáde láìwọ bàtà. Òun náà ló bá mi wá ilé tí mo háyà ní Duncanville, nítòsí Dallas níbí l'Amẹ́ríkà, òun nìkan ló sì mọ ibẹ̀. Ìyá tó bí mi gan-an ò mọ̀ ọ́n, torí ọkọ mi lè sunkún sí wọn létí lórí fóònù títí wọ́n á fi sọ fún un.

Ilé oúnjẹ àwọn ará Ajẹntínà kan ni, ní Dallas. Wọ́n gbé àwo irin síwájú wa, ẹyin iná lábẹ́ rẹ̀, ẹran màlúù lórí rẹ̀. Ọbẹ̀ ewé tútù ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, kò sí ata níbẹ̀ rárá. Mo ní ẹni tó se irú ẹran yìí, ìyá rẹ̀ ò kọ́ ọ ní oúnjẹ sísè. Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo mú ẹran ìhà kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Ó dùn, n ò ní parọ́.

Bí mo ṣe gbé e sínú àwo kí n mu omi, ẹnì kan fa àga kẹta. Ọkọ mi ni! Kò kí mi. Ó na ọwọ́ sínú àwo mi, ó mú ìhà tí mo ti jẹ dé ìdajì, ó gé e jẹ, ó gbé e mì.

Kò sẹ́ni tí ò mọ ohun tó ń ṣe nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Látìgbà tí mo ti kúrò nílé rẹ̀, àwọn àgbà ilé wọn ò yéé pè mí pé kí n ṣáà bá a jẹun, pé tọkọtaya tó bá ti jọ jẹ nínú àwo kan, ìjà ti parí. Mo ní láéláé.

"Ó ti parí o!" Ọ̀rẹ́ mi ti gbé fóònù sókè, ó ń yà wá. "Ẹ ti jọ jẹun. Màá fi ránṣẹ́ sí màmá ẹ báyìí."

"Ìwọ?" Ohun tó jáde lẹ́nu mi nìyẹn. "Ìwọ lo ṣe èyí fún mi?"

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Ọkọ ẹ ni. Gbogbo Sunday ló ń bẹ̀ mí ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Ká ní ọ̀tá ló ṣe é, ǹ bá gbà fún Ọlọ́run. Ẹni tó fi omi dídì tẹ ojú mi tó wú, tó ń bá mi sunkún, òun ló tà mí! Mo dìde. Mo sọ fún ọkọ mi pé ẹran tó jí jẹ nínú àwo mi kò parí nǹkan kan.

Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Máa lọ, màá bá ẹ nílé. Àjà kejì, ilẹ̀kùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, àbí?"

Mo yíjú sí ọ̀rẹ́ mi. Kò wò mí. Ó ń gé ẹran.